Àmì Mẹ́ta Igun Ọ̀tún

Àárọ̀ ilé wa ní Ìṣẹ̀rí-Olófin kì í rùn bí ti ilé àwọn ẹlòmíì. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé omi kaná nínú ọgbà, òórùn pẹ́ńtì àti kẹrosíìnì ti wọlé wá bá mi lórí ẹní. Bàbá mi ló ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, yóò da kẹrosíìnì díẹ̀ sínú agolo mílíìkì, yóò ki àwọn búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa fi ìka tẹ irun wọn títí àwọ̀ àná yóò fi jáde tán. Mo lè mọ ohun tó kọ lánàá láti ara àwọ̀ tó bá wà nínú agolo náà. Tó bá jẹ́ búlúù, ṣọ́ọ̀ṣì ni. Tó bá jẹ́ pupa, ẹlẹ́ran tàbí oníkẹ́míìsì ló gbé iṣẹ́ wá.

Àtíìsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kékeré ló ti wá sí Èkó, ìwé mẹ́fà péré ló kà, ṣùgbọ́n kò sí irú lẹ́tà tí ẹ máa gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní kọ. Láti Ìdímù dé Ìgàndò, títí wọ Ẹgàn, kò sí òpópónà tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé. Tí a bá jọ ń rìn lọ, èmi ni mo máa ń ka àwọn pátákó náà sókè: ṣọ́ọ̀bù onírun, ilé ìwòsàn, ilé ìwé jẹ́léósinmi, "Ilé Yìí Kì Í Ṣe Títà." Inú mi máa ń dùn pé bàbá mi ló kọ wọ́n. Òun kì í yọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dúró, á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní, "Àmínátù, má wo lẹ́tà nìkan. Wo àyè tó wà láàárín wọn." Ọ̀rọ̀ kejì tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ ni, "Wò ó dáadáa kí o tó fọwọ́ kàn án." Nítorí pẹ́ńtì tútù ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi, àmọ́ nígbà tó yá, ohun gbogbo ló ń sọ ọ́ sí.

Wòlíì aláṣọ funfun kan wà ní òpópónà kejì sí tiwa. Lọ́dọọdún, kí àjọ̀dún ìkórè wọn tó pé, bàbá mi ló ń tún sáìnbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kùn. Mùsùlùmí ni bàbá mi, ṣùgbọ́n ó mọ ìyẹ́ áńgẹ́lì í yà ju àwọn ọmọ ìjọ lọ. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, Wòlíì fúnra rẹ̀ ló rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù, láìwọ bàtà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Kò jókòó.

"Àtíìsì, ẹ má bínú sí mi," ó ní. "Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ló ní fẹ́lẹ́sì, aṣọ ọ̀rá yẹn, làwọn fẹ́ lọ́dún yìí. Wọ́n ní fọ́tò mi gan-an máa hàn nínú ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe é."

Bàbá mi ní, "Kò burú, Wòlíì. Ọlọ́run á jẹ́ kí àjọ̀dún náà dùn."

Bí Wòlíì ṣe lọ ni àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Onírun ní fẹ́lẹ́sì lòun fẹ́. Ilé ìwé jẹ́léósinmi náà ní fẹ́lẹ́sì. Nígbà tí ilé ìwé ti wọ ọlidé gígùn, mo máa ń jókòó ti bàbá mi níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sì rí i pé ó ṣì ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ní gbogbo àárọ̀, ṣùgbọ́n kẹrosíìnì inú agolo kì í yí àwọ̀ padà mọ́. Ìyá mi, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀, kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tètè jáde nílé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi wọ bùbá àti ṣòkòtò rẹ̀ tó mọ́ jù, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ìkọ̀tún la lọ, sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ fẹ́lẹ́sì. Ọ̀gá Ṣẹ́gun ni wọ́n ń pe ẹni tó ni ibẹ̀, kò sì lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó mọ bàbá mi, nítorí ó ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ káàkiri. Nígbà tí bàbá mi ní òun fẹ́ bá a ṣiṣẹ́, ó dìde fún un lórí àga.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ bá mi ṣí fódà tó wà lójú dẹ́sítọ́ọ̀pù yẹn, ẹ jẹ́ kí n wo ọwọ́ yín."

Bàbá mi wo ojú kọ̀ǹpútà náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló mú máòsì, ó gbé e kúrò lórí tábìlì, ó sì nà án sí ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kan pátákó. Àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń gé fẹ́lẹ́sì lórí ilẹ̀ wo ara wọn. Ọ̀gá Ṣẹ́gun kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gba máòsì náà, ó dá a padà sórí tábìlì, ó ní, "Kò le, Bàbá. Ẹ lọ kọ́ ọ ná. Tí ẹ bá ti kọ́ ọ, ẹ padà wá. Mi ò ní gbé àga yìí fún ẹlòmíì kí ọlidé tó parí."

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Ìgbà yẹn ló wá ní, "Obìnrin kan ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kọ̀ǹpútà ní Ẹ̀gbẹ́dà. Ìwọ ni kó lọ. Ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ láàárọ̀, kí o wá kọ́ mi nírọ̀lẹ́." Mo bi í pé ṣé òun náà ò lè wá ni. Ó ní owó ẹnì kan ló wà lọ́wọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ìdí ẹ̀. Àgbàlagbà tí gbogbo àdúgbò ń kí ní ọ̀gá kò fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni kíláàsì náà wà. Àwa méjìlá ni, kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, nítorí náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ ló ń kan oníkálukú wa. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ni tíṣà wa, obìnrin kúkúrú tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ tí gbogbo wa á fi dákẹ́ láti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí á má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, kí á kàn máa wò. Ó ní ohun tí a ń rí yẹn, dẹ́sítọ́ọ̀pù ni orúkọ rẹ̀, pé ó túmọ̀ sí orí tábìlì, nítorí orí rẹ̀ ni a ń to nǹkan iṣẹ́ wa sí. Mo wò ó, mo rò pé mo ti rí gbogbo rẹ̀.

Àṣé mi ò rí nǹkan kan. Nírọ̀lẹ́, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ó ní báwo ló ṣe rí? Mo ní búlúù ni. Ó ní búlúù wo? Mo ní àwọn àwòrán kékeré kan wà níbẹ̀. Ó ní mélòó, ẹ̀gbẹ́ wo ni wọ́n wà, kí ni wọ́n kọ sábẹ́ wọn? Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó gbé púláíwúùdù kan tí ẹni tó ni ín kò wá gbà mọ́ wọlé, ó fi pẹ́ńtì funfun kùn ún. "Lọ́la, lọ wò ó dáadáa," ó ní. "Tí o bá dé, ìwọ á máa sọ ọ́, èmi á máa yà á."

Báyìí ni a ṣe ní kọ̀ǹpútà nílé wa. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun alásárì, bàbá mi á gbé pátákó náà ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, èmi á jókòó sórí àpótí, á sì bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kun ojú ọ̀run búlúù àti òkè kékeré aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn. Ó to àwọn àwòrán kékeré sí apá òsì ní ìlà kan, ó sì kọ orúkọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà funfun. Nísàlẹ̀, ó ya ọ̀já gígùn kan láti ìkángun dé ìkángun. Bọ́tìnnì tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ wà ní apá òsì ọ̀já náà, aago wà ní apá ọ̀tún. Nígbà tí mò ń ṣàlàyé pé bọ́tìnnì yẹn ni èèyàn á tẹ̀ kó tó rí gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀wà nítòsí gbé orí sókè, ó ní, "Èwo ni bọ́tìnnì náà ńbẹ̀? Oníhò méjì ni àbí oníhò mẹ́rin?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Ohun tó fẹ́ràn jù ni apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Mo ṣàlàyé fún un pé ohun tí èèyàn bá jù síbẹ̀ kò tíì ṣègbé, pé èèyàn ṣì lè kó ọwọ́ bọ inú ẹ̀ kó mú un jáde. Ó ní, "Ẹni tó ro ìyẹn ti bá èèyàn ṣiṣẹ́ rí." Ó ya apẹ̀rẹ̀ náà dáadáa débi pé ìlà ara rẹ̀ ṣeé kà.

Nígbà tí a dé orí fèrèsé, onígun mẹ́rin tí iṣẹ́ ẹni ń hàn nínú rẹ̀, kò yà á mọ́ ara pátákó. Mo ti sọ fún un pé fèrèsé máa ń ṣí lé orí dẹ́sítọ́ọ̀pù ni, pé òmíràn tún lè ṣí lé òun náà lórí, àmọ́ pé ohun tó wà lábẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ó gé páálí ní onígun mẹ́rin, ó kun ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìṣó kọ́ wọn sójú pátákó kí á lè máa gbé wọn lé ara wọn, kí á sì máa sọ wọ́n kalẹ̀. Ó tún gé ọfà kékeré kan, irú èyí tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà bí máòsì bá ṣe lọ. Páálí ọṣẹ ni máòsì wa. Bàbá mi á máa ti páálí ọṣẹ náà lórí tábìlì, èmi á sì máa sún ọfà lójú pátákó bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe lọ. Kò gbọdọ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Tó bá wò ó, mo máa ń ní, "Bàámi, ojú òkè." Á ní, "Ẹ má bínú, tíṣà."

Nítorí ìbéèrè rẹ̀, mo di ẹni tó ń wo nǹkan. Ní kíláàsì, nígbà tí àwọn yòókù ń ti ara wọn kí máòsì lè kàn wọ́n, èmi máa ń wo igun, mo máa ń ka àwọn àwòrán, mo máa ń wo èwo ló ga ju èwo lọ. Kò pẹ́ tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láti wá dáhùn ohun tí àwọn yòókù kò bá mọ̀. Ó ní èmi ni ojú kíláàsì. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà, mi ò bi í ní ìbéèrè kankan mọ́.

Ọjọ́ Tuesday kan ni mo pẹ́ dé kíláàsì. Mo dúró lójú ọ̀nà ní Ẹ̀gbẹ́dà, mò ń wo àwọn ọkùnrin kan tó ń fi okùn fa fẹ́lẹ́sì ńlá kan sókè ara irin. Nígbà tí mo gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti ń parí ẹ̀kọ́ nípa àmì mẹ́ta tó wà ní igun ọ̀tún lókè fèrèsé: ìlà kékeré kan, àpótí kékeré kan, àti X. Ó ní, "Ṣé ó yé gbogbo yín?" Wọ́n ní ó yé wọn. Èmi náà ní ó yé mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi ti ya àwọn àmì náà sára páálí fèrèsé, nítorí mo ti júwe wọn fún un tẹ́lẹ̀. Ó fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì tọ́ka sí wọn. "Àwọn mẹ́ta yìí ńkọ́, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

Mi ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Mo rò ó bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ìṣirò. Ìlà kékeré, àmì ìyọkúrò ni, nítorí náà kò lè jẹ́ ohun rere. X, àmì ìsọdipúpọ̀ ni, kò lè pa nǹkan lára. Mo ní, "Ìlà yẹn ló ń pa iṣẹ́ rẹ́, Bàámi. Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. X yẹn ló ń gbé fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ lè rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Àpótí yẹn ló ń sọ ọ́ di ńlá." Ti àpótí nìkan ni mo gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dán an wò pẹ̀lú páálí ọṣẹ. Ní gbogbo ìgbà tí ọfà bá ti dé orí X, èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi sọ páálí fèrèsé náà kalẹ̀.

Ọjọ́ Thursday, Àǹtí Bọ́sẹ̀ tún ẹ̀kọ́ náà ṣe. Ó tẹ ìlà kékeré, fèrèsé náà sún wọ inú ọ̀já ìsàlẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ó tẹ X, gbogbo ẹ̀ lọ. Mo pinnu pé bí mo bá ti délé báyìí, màá sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, bàbá mi ti fọ bùbá rẹ̀, ó ń lọ̀ ọ́. Ó ní Sátidé lòun ń padà sí Ìkọ̀tún. Ó ń sọ ọ́ fún ìyá mi pé, "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n kọ́ni. Kò sí ohun tí mo bi í tí kò mọ̀." Mo jẹun, mo lọ sùn. Friday, mo tún ní màá sọ. Mi ò sọ.

Àárọ̀ Sátidé, àwa méjèèjì ló jọ rìn dé ibi tí a ti wọ mọ́tò. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ń ka gbogbo rẹ̀ bí ọmọ ilé kéwú: dẹ́sítọ́ọ̀pù, ọ̀já, bọ́tìnnì, apẹ̀rẹ̀, fèrèsé. Nígbà tó dé orí X, ó wò mí kí n lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Inú Ọ̀gá Ṣẹ́gun dùn láti rí wa. Ó gbé bàbá mi jókòó, ó ní kó kọ fẹ́lẹ́sì ìsọmọlórúkọ kan fún oníbàárà tó fẹ́ padà wá gbà á ní ọ̀sán. Ọwọ́ bàbá mi kò yá, ṣùgbọ́n kò ṣì í. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó ṣí ohun tí wọ́n fi ń kọ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to lẹ́tà. Ó ń sún wọn díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo àyè tó wà láàárín wọn. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, àwọn ọmọkùnrin tó ń gé fẹ́lẹ́sì ti dìde wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan ní, "Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan." Ọ̀gá Ṣẹ́gun wá, ó wò ó, ó mi orí.

"Bàbá, ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe, jàre," ó ní. "Ó ku fọ́tò ọmọ náà. Ó wà nínú fódà lójú dẹ́sítọ́ọ̀pù. Ẹ gbé fèrèsé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ mú un."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ọfà náà tó ń lọ sí igun ọ̀tún. Ọfà dé orí ìlà, ó fò ó, ó dúró lórí X.

Kọ̀ǹpútà bi í ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá kí òun fi iṣẹ́ náà pa mọ́. Bàbá mi kà á. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò ó pé òun kò tíì parí ẹ̀, kí ni òun fẹ́ fi pa mọ́? Ó ní rárá. Ojú ọ̀run búlúù àti òkè kékeré yẹn nìkan ló kù.

Bàbá mi tẹ orí súnmọ́ ọn, ó wá a ní ìsàlẹ̀, ó wá a nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá Ṣẹ́gun wo aago. "Oníbàárà máa tó dé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n yára ṣe é fúnra mi. Kí ọwọ́ yín mọ́ ọn díẹ̀ sí i." Bàbá mi dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú bó ṣe dì í mú wá.

Nígbà tí a délé, kò bọ́ bùbá rẹ̀. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó dúró níwájú pátákó, ó ń wo igun ọ̀tún páálí fèrèsé. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Bàámi, èmi ni. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ wa. Mo kàn sọ ọ́ ni."

Kò yíjú sí mi. "Ìgbà wo lo wá mọ òótọ́ ẹ̀?"

"Ọjọ́ Thursday, sà."

"Kí a tó kúrò nílé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mò ń retí igbe, tàbí pàṣán. Ìyá mi jáde, ó wò wá, ó padà sínú ilé. Bàbá mi mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ki í bọ pẹ́ńtì funfun, ó sì fi pa igun náà rẹ́, àwọn àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wá ní, "Ká ní o sọ pé o ò mọ̀ ni, ǹ bá ti fi àyè yẹn sílẹ̀ báyìí. Mò ń fi àyè sílẹ̀ nínú iṣẹ́ mi lójoojúmọ́. Tí oníbàárà kò bá tíì mọ nọ́ńbà ilé ẹ̀, mo máa ń fi àyè ẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i. Ẹni tí mo bá kọ nọ́ńbà ilé ẹlòmíì fún nìkan ló ń bínú."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Kò sí ìyà kankan lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni mi ò gbàgbé rẹ̀ rí. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, funfun igun yẹn ni mò ń rí.

Ní Monday, nígbà tí mò ń múra, mo bá bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ru pátákó náà lórí, àwọn páálí fèrèsé wà nínú báàgì. Ó tẹ̀ lé mi dé Ẹ̀gbẹ́dà, ó gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó wọ kíláàsì. Ó gbé pátákó náà ti ògiri, ó sì kọ́ páálí fèrèsé náà sójú rẹ̀. Ó kí Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹni tí òun tó bí lọ́mọ, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, tíṣà. Èmi ni bàbá Àmínátù. Ohun kan kò yé èmi àti ọmọ mi. Ṣé ẹ lè bá wa ṣàlàyé igun yìí?"

Àǹtí Bọ́sẹ̀ rìn wá síwájú. Ó ń wo pátákó náà. Ó fọwọ́ kan apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ó fọwọ́ kan aago. Ó bi í pé, "Níbo lẹ ti rí èyí rà, sà?" Bàbá mi ní, "Ọmọ yìí ló sọ ọ́, èmi ni mo yà á."

Tíṣà ní kó jókòó. Bẹ́ǹṣì náà kéré fún un, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó. Àǹtí Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà látìbẹ̀rẹ̀. Kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí iná fi lọ, kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kú. Lọ́jọ́ mìíràn, irú àkókò yẹn ni a máa ń lọ sílé. Lọ́jọ́ yẹn, Àǹtí Bọ́sẹ̀ gbé pátákó sórí tábìlì, ó pe ọmọ kọ̀ọ̀kan síwájú, ó ní kí ó fi ọfà páálí tọ́ka sí ohun tó bá dárúkọ. Nígbà tó kàn mí, ó ní kí n wá ṣàlàyé àmì mẹ́ta. Mo ṣàlàyé ìlà kékeré. Mo ṣàlàyé àpótí. Mo ṣàlàyé X, mo sì sọ fún gbogbo kíláàsì ohun tí mo ti sọ fún bàbá mi tẹ́lẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkọ̀tún. Ojú tì mí gan-an. Ó ya mí lẹ́nu nígbà tí ọmọkùnrin kan lẹ́yìn na ọwọ́ sókè, tó ní òun náà kò mọ̀ ọ́n, òun kàn dáhùn ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin kan tún na ọwọ́. Nígbà tó parí, àwa tí kò mọ̀ ọ́n di márùn-ún.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ bẹ bàbá mi kó fi pátákó náà sílẹ̀ fún òun nítorí ọ̀rọ̀ iná. Bàbá mi ní òun á fi sílẹ̀ bí òun bá lè máa wá bá wọn jókòó. Bí ó ṣe di ọmọ kíláàsì wa nìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, lórí bẹ́ǹṣì tó kéré. Ìbéèrè tó ń bi pọ̀ ju ti gbogbo wa lọ. Nígbà míì, ìbéèrè tó ti bi lánàá ló tún máa ń bi, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni kó tó bi í.

Nígbà tó padà sí Ìkọ̀tún, òun nìkan ló lọ. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹ̀rù máa bà mí. Ìrọ̀lẹ́ ló dé, ó gbé fẹ́lẹ́sì kékeré kan dání, èyí tí Ọ̀gá Ṣẹ́gun ní kó máa gbé lọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Orúkọ ìyá mi ló kọ sí i, pẹ̀lú òwú àti bọ́tìnnì tó ń tà. Ìyá mi kọ́ ọ síwájú ìsọ̀ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí òjò pa á títí a fi kó kúrò ní Ìṣẹ̀rí. Ọdún mọ́kànlá ni bàbá mi lò lórí àga yẹn. Àwọn oníbàárà máa ń wá láti Gowon Estate, wọ́n máa ń ní Bàbá tó mọ lẹ́tà í tò làwọn ń wá. Wòlíì náà wá. Àwọn ìyẹ́ áńgẹ́lì rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ wọ́n í yà.

Bàbá mi ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, ara rẹ̀ le, ó sì máa ń fi fóònù rẹ̀ yàwòrán tó ń fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ mi. Èmi náà ti di ẹni tó ń kọ́ni. Láàárín ọ̀sẹ̀, iléeṣẹ́ ni mo ń lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní kọ̀ǹpútà nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí Ìgàndò, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn tó ṣì ń tajà. Mo mọ iṣẹ́ náà, mi ò ní purọ́. Mo lè wo ojú ìyá àádọ́rin ọdún kan kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti rú u lójú kó tó là ẹnu.

Nígbà míì, mo máa ń fi ara mi wé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà yẹn. Ojú rẹ̀ ríran ju tèmi lọ. Ó lè dé ibì kan lẹ́ẹ̀kan kó sì wá sọ gbogbo rẹ̀ nílé, láti àwọ̀ ojú ọ̀run dé iye àwòrán. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń bà á kí wọ́n má lọ mọ̀ pé ohun kan wà tí òun kò mọ̀, ó sì ṣe tán láti fi bàbá rẹ̀ sínú ewu nítorí ẹ̀rù náà. Ẹ̀rù yẹn ti kúrò lára mi.

Sátidé tó kọjá, Màmá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ pè mí. Àwòrán tuntun kan ti jáde nínú ọ̀já ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀, irú èyí tí mi ò rí rí. "Tíṣà, kí lèyí ń ṣe?" ó ní. Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi. Ìdáhùn kan tó dùn gbọ́ ti wà lẹ́nu mi, wọn ì bá sì gbà á.

Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n, Màmá. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

Ó sún àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àyè lè gbà mí, mo sì jókòó tì í.